Òtítọ́ Dé Ọjà Mọ́tò, Ó Kùtà

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ènìyàn máa ń sọ tó ń bí mi nínú. Bí olóòtú ìwé ìròyìn kan bá dìde, tó wí pé ọjà tuntun tí wọ́n ń polówó káàkiri yìí ní àléébù, kíá ni ẹ ó gbọ́ ariwo: "Ọ̀tá ìlọsíwájú ni!" Wọn a ní inú rẹ̀ kò mọ́. Wọn a ní ìlara ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Wọn a ní kí ló dé tí kò lè fi ẹnu rere sọ̀rọ̀ bí ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ta ló máa ń pariwo bẹ́ẹ̀ jù? Ẹ lọ wádìí rẹ̀ wò. Àwọn tó ń ta ọjà ọ̀hún ni, pẹ̀lú àwọn tí ọlọ́jà ti fún ní nǹkan jẹ. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni wọ́n ń ra èké.

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, n kò fẹ́ kí á fi ẹnu lásán jà. Ìtàn ìwé ìròyìn kan ni n ó fi ti ọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn. Ìlú New York ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́. Orúkọ rẹ̀ ni The Horseless Age, èyí tí a lè pè ní "Ìgbà Ọkọ̀ Aláìlẹ́ṣin". E. P. Ingersoll ni olóòtú tó dá a sílẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 1895. Ìwé ìròyìn náà dákẹ́ ní 1918. Lónìí, kò sí awakọ̀ tí kò gbọ́ orúkọ Ford rí. Mélòó ló gbọ́ orúkọ Ingersoll? Àwọn tó ta mọ́tò fún ayé ni ayé ń rántí. Ẹni tó sọ òtítọ́ nípa mọ́tò fún ẹni tó fẹ́ rà á, a ti gbàgbé rẹ̀. Èmi ò rò pé ó dára bẹ́ẹ̀.

ỌJÀ TÍ KÒ TÍÌ JINÁ

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ bí nǹkan ṣe rí nígbà náà. Ní 1895, ẹṣin ló ń fa takisí ní Amẹ́ríkà, ẹṣin ló ń kó ẹrù, ẹṣin náà ló ń gbé dókítà lọ sọ́dọ̀ aláìsàn. Orúkọ gan-an, wọn kò tíì rí èyí tí wọn ó fẹnu kò sí fún ọkọ̀ tí ń dá rìn. Times-Herald, ìwé ìròyìn kan ní Chicago, gbé ìdíje kalẹ̀ fún ẹni tó bá lè fún un lórúkọ tó dára, "motocycle" ni wọ́n sì mú. Orúkọ yìí ni Edward Goff fún ìwé ìròyìn tirẹ̀ tó gbé jáde ní Chicago ní oṣù kẹwàá, oṣù kan péré ṣáájú ti Ingersoll. Ní Coventry, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, The Autocar jáde ní ọjọ́ 2 oṣù kọkànlá ọdún kan náà. Ẹ ò rí nǹkan! Ìwé ìròyìn ti ń jáde, ọjà fúnra rẹ̀ kò tíì délẹ̀. Ingersoll náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nínú ẹ̀dà rẹ̀ àkọ́kọ́ ló ti gbà pé àwọn kan á ní iṣẹ́ òun ti yá jù.

Báwo ni mọ́tò ìgbà náà ṣe ń rìn? Ní ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 1895, Times-Herald yìí kan náà ṣe eré ìje mọ́tò láti Chicago lọ sí Evanston àti àbọ̀, nǹkan bíi máìlì 54. Yìnyín bo gbogbo ilẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́fà ló gbéra, méjì péré ló dé. Frank Duryea ló gba ipò kìíní, ó sì lò ju wákàtí mẹ́wàá lọ lójú ọ̀nà. Ẹni tó wa ọkọ̀ kejì, òtútù àti àárẹ̀ mú un títí ó fi dákú. Ẹni tí wọ́n fi ṣọ́ ọ nínú ọkọ̀ náà ló bá a wà á délé.

Ọjà tó wà nílẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá sọ fún mi: ẹni tó ní owó lọ́wọ́, tó ń ronú pé òun yóò ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀, kí ló nílò jù? Ṣé orin ìyìn ni, àbí òtítọ́?

Ọ̀RẸ́ MỌ́TÒ NI, KÌ Í ṢE Ọ̀RẸ́ ALÁRÒBỌ̀

Kò sí ẹni tó lè ní Ingersoll kórìíra mọ́tò. Ta ni í kórìíra nǹkan, tí í tún ná owó rẹ̀ àti ọjọ́ ayé rẹ̀ lé e lórí? Ó gbà gbọ́ pé àsìkò ẹṣin ń lọ sópin, ìdí nìyẹn tó fi sọ ìwé ìròyìn rẹ̀ lórúkọ tó sọ ọ́. Oṣooṣù ló kọ́kọ́ ń jáde; nígbà tó yá, ó di ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀. Ṣùgbọ́n ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò pa á lójú dé.

Nǹkan kan tí ìwé ìròyìn náà ṣe wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Ó ṣí ojú ewé rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ń fi mọ́tò ṣiṣẹ́ kí wọ́n kọ ohun tí ojú wọn rí. Àwọn dókítà pọ̀ nínú wọn, nítorí dókítà ìgbà náà kì í jókòó sójú kan. Ilé aláìsàn ló ń lọ, lóru àti lọ́sàn-án, nínú ẹrẹ̀ àti nínú yìnyín. Wọ́n á kọ ọ́ pé iye báyìí ni mo ná lórí táyà, iye báyìí lórí epo, iye báyìí ni ẹṣin ì bá ná mi, ohun tó bàjẹ́ lójú ọ̀nà nìyí. Ẹ ò rí i pé ìyẹn yàtọ̀ sí ìpolówó? Ẹni tó ń ta bàtà kò lè sọ ibi tó ti ń ta ni lẹ́sẹ̀. Ẹni tó wọ̀ ọ́ ló mọ̀ ọ́n.

Ìwé ìròyìn náà tún gbógun ti àwọn tí eré sísá ń pa bí ọtí. Ó bu ẹnu àtẹ́ lu eré ìje lójú títì tí gbogbo ènìyàn ń gbà, ó sì kìlọ̀ fún àwọn awakọ̀ tí kò ka ẹlẹ́sẹ̀ sí. Ẹ má rẹ́rìn-ín pé kí ni eré mọ́tò ìgbà yẹn tó. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1899, ọlọ́pàá mú awakọ̀ takisí kan ní New York pé ó ń sáré máìlì 12 ní wákàtí kan níbi tí òfin ti ní kí wọ́n má kọjá 8. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Henry Bliss ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro ní ìlú kan náà, takisí oníná kan gbá a, ó sì kú ní ọjọ́ kejì. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ìtàn kọ sílẹ̀ pé mọ́tò pa ní Amẹ́ríkà. Nítorí náà, ẹni tó ń kìlọ̀ nígbà náà kì í ṣe aláròká. Òkú ti wà nílẹ̀.

KÍ NI ÒJÉ Ń ṢE NÍNÚ TAKISÍ?

Ibi tí ìjà gidi wà nìyí. Ní 1894, ní Philadelphia, Henry Morris àti Pedro Salom ṣe mọ́tò kan tó ń fi iná bátìrì rìn, wọ́n pè é ní Electrobat. Ọkọ̀ náà wúwo tó nǹkan bíi kílò 2,000. Bátìrì rẹ̀ nìkan ju kílò 700 lọ. Ká má rí i! Ó ju ìdákan nínú mẹ́ta ọkọ̀ lọ, tó jẹ́ pé bátìrì ń gbé bátìrì. Ní 1897, irú ọkọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ takisí ní New York; nígbà tó yá, ó bọ́ sí abẹ́ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Electric Vehicle Company. Ó dákẹ́ rọ́rọ́, kò rùn, kò rú èéfín. Àwọn ọlọ́lá fẹ́ràn rẹ̀. Bí bátìrì bá sì kú, wọn á gbé ọkọ̀ lọ sí ibùdó, ẹ̀rọ á fa èyí tó kú jáde, á ti èyí tó kún bọ̀ ọ́.

Títí débẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ ni. Ṣùgbọ́n ní 1899 àwọn olówó ńlá wọ inú rẹ̀. William C. Whitney, tó ti ṣe mínísítà ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà rí, tó sì ti rí owó nínú ọkọ̀ ojú irin ìgboro, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ilé iṣẹ́ náà. Wọ́n fẹ́ kó takisí oníná dà sí ìgboro àwọn ìlú ńlá, kí ó jẹ́ pé àwọn nìkan ni yóò máa gbé èrò. Wọ́n sì ń ta ìpín ìdókòwò fún gbogbo ènìyàn bí ẹni ta gúgúrú.

The Horseless Age kò bá wọn jó. Ó fún wọn ní orúkọ kan tó lẹ̀ mọ́ wọn lára: Lead Cab Trust, ìyẹn "Ẹgbẹ́ Ajẹgàba Takisí Olójé". Ẹ gbọ́ ohun tó wà nínú orúkọ náà. Bátìrì ìgbà yẹn, òjé ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì rì í sínú ásíìdì. Òjé wúwo. Bí ọkọ̀ bá ń fò sókè-sódò lórí òkúta títì, ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́ àwo òjé á máa já bọ́ díẹ̀díẹ̀, agbára bátìrì á máa dín kù, kò sì ní pẹ́ tí wọn ó fi ra òmíràn. Àtigbà iná kò yá. Bí ọkọ̀ bá jìnnà sí ibùdó, ọkọ̀ di òkú nìyẹn. Nǹkan tó lè rìn ní ìgboro kékeré kan, ṣé òun ni wọ́n wá ń fi gbogbo orílẹ̀-èdè ṣèlérí fún? Ẹni tó ra ìpín níbẹ̀, òjé ló rà, ṣùgbọ́n iye wúrà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní ẹnu olóòtú burú. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Ní ìparí ọdún 1899 kan náà, ìwé ìròyìn New York Herald tú àṣírí owó kan tí ilé iṣẹ́ náà yá lọ́nà tí kò mọ́, iye ìpín wọn sì já wálẹ̀. Takisí wọn ń dín kù ní ìlú kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó fi máa di oṣù kejìlá ọdún 1907, wọ́n wọ gbèsè tí wọn kò lè san, ilé iṣẹ́ náà wó.

Kò tán síbẹ̀ o. Bí takisí kò ṣe mówó wá mọ́, ìwé ni wọ́n yíjú sí. Agbẹjọ́rò kan ní Rochester, George Selden, ti kọ̀wé sí ìjọba láti 1879 pé òun ni òun ronú kan mọ́tò tó ń fi ẹ́ńjìnnì onípẹtiróòlù rìn. Ó fọgbọ́n fà á títí ìjọba fi fún un ní pátẹ́ǹtì ní ọjọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún 1895, oṣù tí ìwé ìròyìn Ingersoll bẹ̀rẹ̀ gan-an. Ní 1899, Electric Vehicle Company gba àṣẹ lórí pátẹ́ǹtì yìí. Ẹ ò gbọ́ mi? Ilé iṣẹ́ tó ń ta mọ́tò oníná fẹ́ máa gba owó orí lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe mọ́tò onípẹtiróòlù! Láti 1903, àwọn oníṣẹ́ mọ́tò tó gbà fún wọn ń san dọ́là kan àti sẹ́ǹtì 25 lórí ọgọ́rùn-ún dọ́là kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá ta mọ́tò. Henry Ford kò gbà, wọ́n gbé e lọ sí kóòtù ní 1903. Ó jẹ̀bi ní 1909, ó pe ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ó sì borí ní ọjọ́ 9 oṣù kìíní ọdún 1911. Ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, owó ta ni wọ́n ń san? Owó ẹni tó ń ra mọ́tò ni. Ẹni tí olóòtú ti ń kígbe fún pé kó ṣọ́ra ni.

OLÓÒTÚ TÓ JÓKÒÓ SÍ TÁBÌLÌ OLÓWÓ

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀gbẹ́ kejì. Henry Sturmey ni olóòtú The Autocar ní Coventry. Òye ọkọ̀ yé e dáadáa, akínkanjú sì ni. Ní 1897, ó wa mọ́tò Daimler láti ìkángun àríwá ilẹ̀ Bírítéènì dé ìkángun gúúsù. Nígbà tí òfin tuntun jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 1896, tí mọ́tò bọ́ lọ́wọ́ máìlì 4 ní wákàtí kan, tí wọn kò ní kí ènìyàn máa fẹsẹ̀ rìn níwájú rẹ̀ mọ́, taró pupa ni The Autocar fi tẹ ẹ̀dà rẹ̀. N kò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ó yẹ kí inú wọn dùn.

Ṣùgbọ́n Sturmey yìí kan náà wà lára àwọn olùdarí ilé iṣẹ́ Daimler, ó tilẹ̀ ṣe alága wọn. Ẹni tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni Harry Lawson, ọ̀gá nínú ká máa ra pátẹ́ǹtì, ká máa fi ta ìpín. Ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn ni Lawson ní òun fi ra pátẹ́ǹtì lọ́wọ́ E. J. Pennington, ará Amẹ́ríkà, elétè dídùn tí mọ́tò rẹ̀ kò rìn tó bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń rìn. Ní 1904, kóòtù dá Lawson lẹ́bi jìbìtì, ó fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan pẹ̀lú iṣẹ́ àṣekára jura. N kò sọ pé Sturmey jalè o. Ohun tí mo ń bèèrè ni pé, bí olóòtú bá jẹ́ alága ilé iṣẹ́ mọ́tò, ta ni yóò bá òǹkàwé sọ pé mọ́tò náà kò dára? Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

OHUN TÍ WỌ́N MÁA Ń FI DÁ MI LÓHÙN

Wọ́n máa ń sọ pé: iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, bí ẹ bá ń bú u jù, á kú. Irọ́ ni. The Horseless Age bú òjé, ṣé mọ́tò kú? Ní 1908, Ford gbé Model T jáde, ó ń tà á ní dọ́là 850. Ní àárín ọdún 1920 sí 1929, ó ti já wá sí dọ́là 260. Òṣìṣẹ́ lásán ń rà á. Ẹni tó ń ro oko kì í ṣe ọ̀tá ọkà. Èpò ló ń bá jà. Ẹni tó fi èpò sílẹ̀ nítorí pé òun fẹ́ràn oko, òun ló pa oko.

Wọ́n á ní: eré ìje tí ó ń bá wí, ṣebí òun ló jẹ́ kí ayé mọ mọ́tò? Mo gbà fún wọn ní ìwọ̀n. Eré ti Chicago jẹ́ kí àwọn aláìgbàgbọ́ rí i pé mọ́tò lè la yìnyín kọjá. Ṣùgbọ́n ẹ rántí eré Paris sí Madrid ní oṣù karùn-ún ọdún 1903. Awakọ̀ kú, òǹwòran kú. Marcel Renault, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìyá tó dá ilé iṣẹ́ Renault sílẹ̀, kú níbẹ̀. Bordeaux ni ìjọba Faransé ti dá wọn dúró. Bí ẹ bá fẹ́ dán mọ́tò wò, ẹ wá pápá fún un. Ọmọ ẹlòmíì tó dúró sẹ́bàá ọ̀nà kì í ṣe ohun àdánwò.

Èyí tí wọ́n ń sọ lóde òní ló pa mí lẹ́rìn-ín jù: "Mọ́tò oníná ti dé báyìí, ṣé ẹ ò rí i pé Ingersoll ṣìnà?" Rárá o! Bátìrì litíọ́ọ̀mù ló ń gbé mọ́tò oníná òde òní rìn, kì í ṣe bátìrì òjé 1899. Ó tó nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìmọ̀ tó bí i. Òtítọ́ nípa ọjà tó wà lórí àtẹ lónìí ni iṣẹ́ aṣelámèyítọ́. Ẹni tó ra òjé ní 1899, ṣé litíọ́ọ̀mù ti ọmọ-ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló máa fi wọ takisí?

Wọ́n tún ní: ṣebí òun náà ń gba ìpolówó? Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń gbà á. Èyí gan-an ló mú kí n máa yìn ín. Ó rọrùn kí ẹni tí kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọlọ́jà bú ọlọ́jà. Ẹni tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun lè gba oúnjẹ lẹ́nu òun, tó tún sọ ọ́, òun ni ọkùnrin.

IṢẸ́ NÁÀ KÒ TÍÌ TÁN

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ àtijọ́ ni. Ní 1936, àwọn kan ní Amẹ́ríkà dá Consumers Union sílẹ̀, wọ́n sì ń tẹ ìwé ìròyìn tí kì í gba ìpolówó rárá. Owó ara wọn ni wọ́n fi ń ra ohun tí wọ́n bá fẹ́ dán wò, mọ́tò náà wà nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà, ní 1965, nígbà tí Ralph Nader kọ ìwé pé àwọn mọ́tò Amẹ́ríkà ń pa ènìyàn, kí ni General Motors ṣe? Wọ́n gba ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tì í lẹ́yìn kí wọ́n lè rí ẹ̀gàn rẹ̀. Ó di oṣù kẹta ọdún 1966 kí ọ̀gá wọn, James Roche, tó tọrọ àforíjì níwájú àwọn aṣòfin. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà, òfin ààbò mọ́tò di ṣíṣe. Ọ̀tá ìlọsíwájú tí wọ́n ń ṣọ́ kiri, òun ni kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn kú.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ẹ bá mú ìwé ìròyìn mọ́tò lọ́wọ́, níbi yòówù kí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló san owó ojú ewé tí mò ń kà yìí? Ẹni tó kọ ọ́, ṣé ó ní ìpín nínú ọjà náà? Láti ọdún tó ti ń jáde, mọ́tò wo ló ti dúró sọ lẹ́ẹ̀kan rí pé, "Ẹ má rà á"? Bí kò bá lè dáhùn ẹ̀kẹta yẹn, ìpolówó ni ẹ gbé lọ́wọ́. Owó yín ni ẹ sì fi rà á.